Ẹrù Wúwo, Ọkọ̀ Dísẹ́lì àti Ọ̀rọ̀ Gíá

"Tíṣà, kí ni ìyàtọ̀ àárín jó àti jò?"

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Texas, ló bi mí ní ìbéèrè yìí lẹ́yìn ìsinmi Thanksgiving. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ohùn lásán ni, mo sì ti ń múra láti kọ àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ sí ojú pátákó. Àṣé ọ̀rọ̀ owó ni. Bàbá rẹ̀ ti pè é lórí fóònù pé, "Gíá ọkọ̀ mi ti jó." Ọmọ gbọ́ ọ bí ẹni pé gíá náà ń jò, ó sáré lọ ra epo gíá ìgò mẹ́fà àti òrùka rọ́bà tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tí epo ti ń yọ, ó sì kó wọn ránṣẹ́ sílé. Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Gíá tó ń jò, owó kékeré lè tún un ṣe. Gíá tó ti jó, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ló ń gbé lọ, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ.

Bàbá yìí ní píkọ́ọ̀pù dísẹ́lì kan tí wọ́n fi ń fa tírélà. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí o. Bí ẹ bá dé Nàìjíríà tí ẹnikẹ́ni bá pe tírélà, ọkọ̀ ńlá elẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì àti kọ̀ǹténà láti Apapa ló ń sọ, orí àti ìdí rẹ̀ lápapọ̀. Ní Amẹ́ríkà tí Bàbá ń gbé, ohun tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ nìkan ni tírélà. Èyí tí wọ́n ń fà yìí gùn, wọ́n sì máa ń to ẹ̀rọ oko àti ọkọ̀ tí wọ́n rà ní gbàǹjo lé e lórí, láti Texas gba Amarillo, gba ọ̀nà òkè Raton tó wà ní ààlà New Mexico àti Colorado, títí dé Denver. Òkè Raton ga tó 7,834 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Ibẹ̀ ni gíá náà ti jó ní ìgbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ló ti jó ní ìgbà kejì.

Ìgbà kejì yìí ló mú kí Bàbá pè mí fúnra wọn. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ló mọ íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo mọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ara wa yé. Àwọn kan ń sọ fún mi pé kí n ra gíá olówó ńlá, àwọn kan ní kí n ta ọkọ̀." Mo ní, "Bàbá, èmi ò mọ̀ ju kí n wa ọkọ̀ mi lọ sí ibi iṣẹ́ lọ." Wọ́n ní, "Ṣebí ẹ mọ̀wé kà?" Èyí ni bí èmi àti ọmọ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé atọ́nà ọkọ̀, tí a sì ń ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún Bàbá títí ó fi yé àwa náà. Ohun tí a rí ni mo kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ gun òkè, ẹ ó yí gíá rẹ̀ sí èyí tó fúyẹ́. Ẹsẹ̀ yín á máa yára yí, kẹ̀kẹ́ á máa rọra lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó gun òkè náà. Bí ẹ bá dé ojú tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó yí i padà sí èyí tó le kí kẹ̀kẹ́ lè sáré. Iṣẹ́ tí gíá ọkọ̀ ń ṣe náà nìyẹn. Ó ń gba agbára ìyípo tí ẹ́ńjìnnì mú wá, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tọ́ọ̀kì, ó ń sọ ọ́ di púpọ̀ nígbà tí ẹrù wúwo, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ sí eré nígbà tí ọ̀nà bá dán.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ní ìwà tirẹ̀. Kì í fẹ́ pariwo kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróò lè nílò ìyípo 4,000 ní ìṣẹ́jú kan kí tọ́ọ̀kì rẹ̀ tó pé, ṣùgbọ́n dísẹ́lì ti píkọ́ọ̀pù ńlá máa ń mú tirẹ̀ wá ní nǹkan bí 1,600 sí 1,800. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún ẹrù. Ìdí nìyẹn náà tí ó fi ń ṣe gíá léṣe, nítorí gbogbo agbára yẹn ń já lu gíá lẹ́ẹ̀kan náà láti ìsàlẹ̀. Ní 1989 tí Dodge kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì Cummins oní-lítà 5.9 sínú píkọ́ọ̀pù, 400 lb-ft ni tọ́ọ̀kì rẹ̀. Ní 2019, èyí tó lágbára jù nínú ọkọ̀ Ram ti dé 1,000 lb-ft. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ohun tí gíá ní láti gbà mọ́ra ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Nínú gíá tó ń yí ara rẹ̀ padà, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní ọ́tò, ẹ́ńjìnnì kì í di gíá mú tààrà. Torque converter ló wà láàárín wọn. Ẹ fojú inú wo fáànù méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn. Ẹ tan ọ̀kan, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí èkejì láìjẹ́ pé iná kàn án. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú torque converter nìyẹn, àmọ́ epo ló wà níbẹ̀ dípò afẹ́fẹ́, a sì tún rí abẹ́ fáànù kẹta kékeré láàárín tó ń darí epo padà kí agbára lè pọ̀ sí i nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ọgbọ́n rẹ̀ dára púpọ̀. Ó ní owó orí tó ń gbà ṣá. Fáànù kejì kì í yára tó ti àkọ́kọ́ láéláé, ohun tó sì ṣòfò láàárín wọn ló ń di ooru.

Èló ni ooru náà? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mú agbára ẹṣin 200 wá lórí òkè, tí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sì ṣòfò, agbára ẹṣin 20 ni ó di ooru, ìyẹn nǹkan bí wáàtì 15,000. Ayọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ máa ń lo nǹkan bí wáàtì 1,500. Ẹ ti ayọ́ọ̀nù mẹ́wàá bọ inú epo gíá, kí gbogbo wọn máa gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ fi ń gun òkè. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí fún Bàbá, wọ́n ní, "Háà! Àṣé mo ti ń se ẹran nísàlẹ̀ ọkọ̀."

Nítorí òfò yìí ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣe fi kílọ́ọ̀ṣì kan sínú torque converter. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra dáadáa, kílọ́ọ̀ṣì yìí á di fáànù méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn, òfò á dúró, ooru á wálẹ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ jẹ́ onípílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó tó fún ẹni tó ń gbé pákó ní ọjọ́ Sátidé. Bí ẹrù bá wúwo, tí òkè sì gùn, tí ẹni tó ni ọkọ̀ tún ti fi bíréènì bọ́ọ̀sì tuntun kún agbára ẹ́ńjìnnì, pílẹ́ẹ̀tì kan yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí ó bá ti ń yọ̀, á máa ha ara rẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ á dà sínú epo, epo náà á sì kó o lọ sí gbogbo inú gíá. Èyí ló mú kí àwọn oníṣẹ́ máa ta torque converter onípílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún àwọn tó ń fa ẹrù. Ojú tó ń di ara wọn mú pọ̀ sí i, ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà sì dín kù.

Tí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé láti bi oníṣẹ́: ìyípo mélòó ni ẹ́ńjìnnì máa ṣe kí torque converter náà tó gba ẹrù tán? Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje fẹ́ kí ó ga, kí tọ́bò wọn lè tètè jí. Ẹni tó ń fa tírélà fẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀, ní agbègbè ibi tí tọ́ọ̀kì dísẹ́lì gan-an wà, kí òfò má pọ̀ nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì kò tíì dì. Ọjà kan náà, orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra ti eléré fún iṣẹ́ ẹrù, ooru ni ẹ fi owó rà.

Inú gíá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìdìpọ̀ pílẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ tirẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù ń ti epo, epo ń tẹ pílẹ́ẹ̀tì mọ́ra wọn, gíá sì wọlé. Ohun tó ń pín epo yìí ni valve body, irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sínú rẹ̀ bí ilé ikán. Bí ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn bá jẹ, tàbí tí irin náà bá tẹ̀ díẹ̀ nítorí ooru, epo á máa sá gba ibi tí kò yẹ, ìtẹ̀ á dín kù, pílẹ́ẹ̀tì á sì yọ̀. Ẹ wá rí i báyìí pé jó àti jò kò jìnnà síra bí mo ṣe rò lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bi mí. Epo tó ń jò nínú, tí kò kan ilẹ̀ rárá, ló ń mú kí gíá jó.

Ní ti àwọn gíá tí ẹ óò bá pàdé lábẹ́ ọkọ̀ dísẹ́lì ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ pọ̀ jù lórí Dodge àti Ram, nítorí ẹ́ńjìnnì Cummins kì í tètè kú, gíá ló sì máa ń kú ṣáájú rẹ̀. Láàárín 1996 sí 2002, 47RE ni wọ́n ń lò. Gíá mẹ́rin ló ní: 2.45, 1.45, 1.00 àti 0.69. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín méjì tó kẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń lọ ní ìyípo 1,800 nínú gíá kẹrin, tí òkè bá dé tí ó bá já sí ìkẹta, ìyípo á fò dé nǹkan bí 2,600 lójijì. Ọkọ̀ á pariwo, eré á pọ̀ jù fún òkè náà, gíá á padà sí ìkẹrin, ìkẹrin kò ní lè fà á, á tún já sílẹ̀. Bí ó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ báyìí ni pílẹ́ẹ̀tì ń tán. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí, bọ́tìnì kan wà tó lè fi pa gíá kẹrin. Ọ̀fẹ́ ni. Kí ó máa tẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ẹsẹ̀ òkè. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra gíá tuntun nígbà tí wọn kò tíì fọwọ́ kan bọ́tìnì yẹn rí.

48RE ló tẹ̀lé e ní 2003, ó sì sàn jù ú lọ díẹ̀. Ṣáàfù tó ń wọ inú àwọn gíá méjèèjì yìí lè ṣẹ́ bí wọ́n bá kún agbára ẹ́ńjìnnì jù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi ń ta èyí tí wọ́n gbẹ́ láti ara irin odindi. Fún ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe kọ́ ọ, mi ò rò pé ṣáàfù yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ náwó lé.

Ní 2007, 68RFE dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì oní-lítà 6.7, gíá mẹ́fà: 3.23, 1.84, 1.41, 1.00, 0.82 àti 0.63. Àlàfo ti dín kù. Láti ìkarùn-ún sí ìkẹrin, 1,800 á di nǹkan bí 2,200 péré, ẹ́ńjìnnì kò sì ní fò kúrò níbi tí agbára rẹ̀ wà. Ìdìpọ̀ pílẹ́ẹ̀tì tó ń gbé gíá mẹ́ta òkè ni ibi àìlera rẹ̀, valve body rẹ̀ náà kì í sì fẹ́ ìtẹ̀ tó pọ̀ jù. Lábẹ́ ọkọ̀ Bàbá, irú gíá mẹ́fà báyìí ló wà.

Ní 2013 ni Ram bẹ̀rẹ̀ sí í fi gíá Aisin AS69RC, tí wọ́n ṣe ní Japan, sí àwọn ọkọ̀ 3500 kan. Gíá kìíní rẹ̀ jẹ́ 3.75. Ẹ fi 3.75 wé 3.23: agbára ìgbéra rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ju ti èkejì lọ, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ohun kan tún wà tó ye mi ju gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà lọ. Ní 2019, ẹ́ńjìnnì oní-1,000 lb-ft, Aisin ni ilé-iṣẹ́ so mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n so mọ́ 68RFE, 850 lb-ft ni wọ́n jẹ́ kó ní. Ẹni tó ṣe nǹkan mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí onílé bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà, àlejò tó bá kọjá rẹ̀ kò lè ní òun kò rí i.

Ti General Motors àti Ford kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Allison 1000 sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì Duramax, ó ní gíá márùn-ún títí wọ́n fi sọ ọ́ di mẹ́fà ní 2006. Gíá ọkọ̀ akẹ́rù gidi ni, ó sì ní làákàyè kan: bí ó bá rí i pé pílẹ́ẹ̀tì òun ń yọ̀, á kọ̀, kò ní yí gíá mọ́ kí ó má bàa jó. Àwọn ènìyàn ń bú u nítorí èyí, ṣùgbọ́n èmi rò pé ọlọ́gbọ́n ni. Ford lo TorqShift oní-gíá márùn-ún láti 2003, wọ́n gbé 6R140 oní-gíá mẹ́fà jáde ní 2011, oní-gíá mẹ́wàá sì dé ní 2020. Ẹni tó bá ní èyíkéyìí nínú wọn tí kò kún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, epo tuntun àti ẹ̀rọ atutù tó mọ́ lè tó o. Ní ti gíá ọlọ́wọ́, ìyẹn èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì fún, kò ní torque converter, nítorí náà kò ní ooru yẹn. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nìkan ni ẹ óò pààrọ̀, bóyá sí onípílẹ́ẹ̀tì méjì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òkè Raton. Nígbà tí gíá Bàbá jó ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún gíá ṣe. Wọ́n tú u, wọ́n fi pílẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, wọ́n ra torque converter onípílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, owó náà sì ju 6,000 dọ́là lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ó tún jó. Bàbá gbàgbọ́ pé àwọn ohun tí wọ́n rà kò dára tó, èyí ló sì mú kí àwọn kan máa gbà wọ́n nímọ̀ràn láti ra èyí tó wọ́n jù. Ọmọ wọn ló wo rìsíìtì náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ka gbogbo ohun tí wọ́n pààrọ̀, ó wá ní, "Bàbá, ẹ̀rọ atutù dà?"

Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ atutù ni rédíétọ̀ kékeré tí epo gíá ń gbà kọjá kí ooru rẹ̀ lè lọ. Ọ̀kan wà níwájú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Lára àwọn ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì Cummins, òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń fi omi rédíétọ̀ ńlá tu epo náà lára. Nígbà tí gíá jó, èérún irin àti ìdọ̀tí pílẹ́ẹ̀tì ti bá epo lọ sínú àwọn ihò tóóró wọn. Ẹ lè fọ páìpù, ṣùgbọ́n ihò inú ẹ̀rọ atutù kéré débi pé kò sí ẹni tó lè dá a lójú pé ó ti mọ́ tán. Gíá tuntun wọlé, ẹ̀rọ atutù àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìdọ̀tí àtijọ́ sí i lára, epo kò sì rí ọ̀nà kọjá dáadáa mọ́. Ọmọ tuntun ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ òkú sí lára. Bàbá bínú gidi, mo sì rò pé ìbínú wọn tọ́. Ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là ni ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì jẹ.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti so wọ́ọ̀ṣì ìgbóná mọ́ iwájú wọn, tó ń sọ bí epo gíá ṣe gbóná tó. Nǹkan bí 175 Fahrenheit ni ibi tí ara epo ti ń balẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ gíá ní òfin àtọwọ́dọ́wọ́ kan pé bí ìgbóná bá ti fi 20 kún un, ọjọ́ ayé epo á dín sí ìdajì. Ìyẹn ni pé ní 195 ìdajì ló kù, ní 215 ìdá mẹ́rin, ní 235 ìdá mẹ́jọ. Kì í ṣe ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn dúró. Bí ẹ bá sì rí i tí ìgbóná ń lọ sókè lórí òkè, ẹ má kàn tẹ ẹ̀ṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ já gíá sílẹ̀, kí kílọ́ọ̀ṣì torque converter lè dì, kí ẹ sì rọra máa lọ.

Bíbọ́ sílẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ dísẹ́lì tuntun ní ohun tó ń dí èéfín lọ́nà kí ẹ́ńjìnnì lè bá bíréèkì fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Agbára yẹn ń gba inú gíá kọjá láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí kílọ́ọ̀ṣì torque converter kò bá lè dì dáadáa, fáànù epo nìkan ló kù láàárín táyà àti ẹ́ńjìnnì, tírélà á sì máa ti ọkọ̀ lọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ gíá, ọ̀pọ̀ ń ronú nípa gígun òkè. Ṣùgbọ́n gígun òkè, owó ló lè mú lọ. Sísọ̀kalẹ̀ lè mú ẹ̀mí lọ.

Kí ni Bàbá wá ṣe? Ohun àkọ́kọ́ kò kan gíá rárá. Wọ́n gbé ọkọ̀ àti tírélà lọ sórí òṣùwọ̀n níbi tí àwọn awakọ̀ ńlá ti máa ń wọn ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n rí i pé ẹrù tí wọ́n máa ń pè ní "bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún" ti ju méje lọ pẹ̀lú tírélà. Kò sí gíá tó lè yí ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ fún ọkọ̀ náà padà. Gíá alágbára kò sọ bíréèkì, táyà tàbí ìdí ọkọ̀ di alágbára. Òfin náà wà níbẹ̀: bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ àti tírélà lápapọ̀ bá tó 26,001 páùn, tí ti tírélà sì ju 10,000 lọ, ẹni tó ń fi ṣòwò gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ CDL onípele A. Bàbá ní i. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò ní i.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n dá bíréènì bọ́ọ̀sì padà sí bí ó ṣe wà láti ilé-iṣẹ́. Ẹni tó tà á fún wọn ti kún agbára ẹ́ńjìnnì láìsọ fún wọn, ó sì tún fẹ́ bá wọn yọ ohun tó ń sẹ́ èéfín kúrò. Wọ́n kọ̀. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí afẹ́fẹ́ ka ìyẹn léèwọ̀. Wọ́n wá ra ẹ̀rọ atutù tuntun méjèèjì, wọ́n sì pààrọ̀ páìpù wọn. Wọ́n tún inú gíá ṣe pẹ̀lú pílẹ́ẹ̀tì tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ra valve body tí wọ́n ti tún ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe, wọ́n sì lo torque converter onípílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí ìyípo rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Wọ́n fi ṣáàfù olówó ńlá sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò pààrọ̀ gbogbo gíá náà sí Aisin tàbí Allison bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Wọ́n ní, "Tíṣà, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Àtiso ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, àtikọ́ bíréènì bọ́ọ̀sì ní èdè tuntun, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí n ra ọkọ̀ tó ti ní i láti ilé." Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí kò tíì ra ọkọ̀ ló yẹ kó ronú sí Aisin, kí ó rà á bẹ́ẹ̀.

Wọ́n béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ oníṣẹ́ tuntun kí wọ́n tó sanwó. Ṣé ìwé ìdánilójú rẹ̀ bo ọkọ̀ tó ń fa ẹrù? Nítorí ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ló fi gbólóhùn kékeré kan yọ ọ́ kúrò. Irú epo wo ló máa lò? Torí ATF+4 ni 68RFE ń mu, ti Aisin yàtọ̀, ẹ kò sì lè da èkejì sínú ti àkọ́kọ́. Ìgbà wo ni kí wọ́n padà wá fún ìyípadà epo àti àlẹ̀mọ́ àkọ́kọ́? Oníṣẹ́ ní kí wọ́n fi ọkọ̀ rin 500 máìlì láìfa nǹkan kan.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn wà nílé nígbà tí wọ́n tú abọ́ ìsàlẹ̀ gíá. Mágínẹ́ẹ̀tì kan wà nínú abọ́ náà tó ń mú èérún irin. Bí gíá bá ti ń bàjẹ́, ẹ óò rí irin dídán lára rẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Èyí tí ó ya fọ́tò rẹ̀ fi hàn mí ní kíláàsì ní ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀, ó rọ̀ bí eérú, kò sì sí abẹ́rẹ́ kankan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá gba òkè Raton pẹ̀lú ẹrù, ìgbóná kò ju 190 lọ, wọ́n sì pè mí láti Denver kí n tó ṣe tán pẹ̀lú kíláàsì aago mẹ́wàá.